Ebè Gíga ní Abúlé Ẹ̀gbá: Ẹ̀fọ́ Tí Yóò Tó Ìdílé Jẹ

  

Orúkọ tí Abúlé Ẹ̀gbá ń jẹ́ kò fi ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀ pamọ́. Abúlé ni, oko ni wọ́n sì ń ro níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ oko ni ó pọ̀ jù ní agbègbè Agége àti ní apá ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1880 ni J.P.L. Davies, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò ńlá Èkó ìgbà náà, bẹ̀rẹ̀ oko kòkó sí Ìjàn lẹ́bàá Agége. Nígbà tí ó fi di ọdún 1907, àwọn olóko agbègbè náà ti pọ̀ tó láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní Agege Planters' Union, J.K. Coker wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Kòkó àti obì ni wọ́n fi mọ Agége láyé ìgbà náà, kì í ṣe búrẹ́dì. Oko-Ọba pàápàá, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù fún ará Èkó jẹ, ṣì ń jẹ́ orúkọ oko títí di òní olónìí.

Ṣùgbọ́n ilé ti gba ilẹ̀. Ògiri kan ògiri, sìmẹ́ńtì àti íńtálọ́ọ̀kì bo àgbàlá, ọmọ tí wọ́n bí sí Abúlé Ẹ̀gbá sì lè pé ọdún mẹ́wàá kí ó má tíì fojú rí ibi tí tẹ̀tẹ̀ ti ń hù. Ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ ti ń wá sí ọjà Ilé-Epo, láti ibẹ̀ ni yóò ti dé orí àtẹ àwọn tí ń tà á ní àdúgbò. Bí ọ̀nà bá dí tàbí tí owó ọkọ̀ bá gòkè, orí ìdì ẹ̀fọ́ ni gbogbo rẹ̀ yóò já sí. Àwọn àgbàlagbà inú ìpàdé yìí rántí ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba sé Èkó àti Ògùn mọ́lé nítorí àrùn kòrónà. Wọ́n sì rántí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá tí ó bá gbé iye owó tí ó ń ná tẹ́lẹ̀ lọ sí ọjà mọ ohun tí ó gbé bọ̀ wá sílé.

Ìwádìí tí ìjọba ṣe lórí ìlera àwọn ará ìlú ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, 68 ni ẹ̀jẹ̀ ara wọn kò tó. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, 58 ni. Kì í ṣe àìjẹ ẹ̀fọ́ nìkan ni ó fa èyí. Ibà ń jẹ ẹ̀jẹ̀, aràn inú ń mu ún, ẹ̀fọ́ nìkan kò sì lè wò ó sàn. Síbẹ̀, ilé tí ẹ̀fọ́ ti di ohun tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ sórí ọbẹ̀, tí wọ́n ń já bíi ewé mẹ́ta sínú ìkòkò kí àlejò lè rí i, ti pàdánù ọ̀kan nínú àwọn oúnjẹ tí kò yẹ kí ó wọ́n tálákà.

Nítorí náà, ó dára kí ìdílé gbin ẹ̀fọ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọn kì í dúró rò ni inú ilẹ̀ wo ni wọn yóò gbìn ín sí.

Ilẹ̀ Abúlé Ẹ̀gbá ti rí nǹkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba fi ń da ìdọ̀tí Èkó sí ààtàn ńlá kan ní agbègbè náà. Ọ̀pá epo gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2006, wọ́n lu ọ̀pá náà, epo tú jáde, iná sọ, ó sì lé ní igba ènìyàn tí ó bá a lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì pọ̀ ní àdúgbò. Òkú bátìrì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ọ́ìlì dúdú ń ṣàn sínú gọ́tà, àwọn mìíràn sì ń sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Títí di nǹkan bí ọdún 2005 ni òjé ṣì wà nínú epo bẹntiróòlù tí ọkọ̀ ń lò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà, èéfín rẹ̀ sì ń balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Òjé kì í jẹrà. Òjò kì í fọ̀ ọ́ dànù bí ó ti ń fọ iyọ̀. Orí ilẹ̀, níbi tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ń wá oúnjẹ sí, ni ó máa ń jókòó sí.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àsọdùn ni èyí, kí ó rántí Zamfara ní ọdún 2010. Àwọn awakùsà ń fọ́ òkúta wúrà nínú àgbàlá ilé, òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré lé lórí. Ó kéré tán, ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọmọ ni ó kú. Ilẹ̀ Abúlé Ẹ̀gbá kò rí bíi ti Zamfara, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù ba àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni òjé ń ṣe bí ó bá tilẹ̀ kéré: orí ọmọ kékeré ni ó ń bà jẹ́, ìyẹn ọpọlọ tí yóò fi ka ìwé tí yóò sì fi há Àlùkùránì, kò sì sí oògùn tí ó ń dá èyí tí ó ti bàjẹ́ padà. Ẹ̀fọ́ eléwé wà lára àwọn ohun ọ̀gbìn tí ó máa ń fa irú májèlé bẹ́ẹ̀ mọ́ra jù, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní cadmium, tí ó máa ń wà nínú òkú bátìrì àti nínú àwọn ọ̀dà kan. Bí òjé kò bá tilẹ̀ gba gbòǹgbò wọlé, eruku rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ewé.

Ohun tí ó tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé ilẹ̀ ààtàn máa ń dúdú, ẹ̀fọ́ sì máa ń yọ̀ lórí rẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Wọ́n a máa bù ú sínú àpò, wọ́n a sì pè é ní ajílẹ̀. Láyé àtijọ́, nígbà tí eérú, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ ẹran nìkan ni ó wà lórí ààtàn, ọgbọ́n ni. Lónìí tí bátìrì, góòlù iná tí ó ti jó, ike àti oògùn ẹ̀fọn wà níbẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n mọ́.

Ìdí nìyí tí ebè gíga fi bá Abúlé Ẹ̀gbá mu ju kí ènìyàn fi ọkọ́ kọ ilẹ̀ àgbàlá lọ. Àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ tà ń pe ebè ẹ̀fọ́ ní bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni ebè tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tàbí pákó yí ká, tí wọ́n sì fi erùpẹ̀ tí ó mọ́ kún, kí ẹ̀fọ́ má baà fi gbòǹgbò kan ilẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Ó lè wà lórí ilẹ̀ lásán, ó sì lè wà lórí sìmẹ́ńtì bí wọ́n bá fi àyè sílẹ̀ fún omi láti jáde. Ìgbà òjò ni yóò tún fi àǹfààní mìíràn hàn, nítorí ẹ̀fọ́ tí ó wà lókè kì í mu omi yó bí àgbàrá oṣù kẹfà àti oṣù keje bá gba àgbàlá kan.

Kí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ọ̀tún àti láti òsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án ogún yóò yí i ká ní ìlà kan ṣoṣo, kò sì nílò sìmẹ́ńtì láti fi so wọ́n pọ̀. Kí wọ́n tò ó lásán, nítorí ọjọ́ tí onílé bá fẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ padà, ayálégbé lè kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ. Ọparun dára, ó sì rọjú, ṣùgbọ́n ikán kì í jẹ́ kí ó rí ju òjò méjì lọ. Pákó tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà àtijọ́ kò yẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni táyà ọkọ̀. Bí ebè náà bá wà lórí ilẹ̀ tí ó ń fu ènìyàn lára, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ àpò ìrẹsì oníke méjì tàbí mẹ́ta sí ìsàlẹ̀: omi yóò là á kọjá, gbòǹgbò ẹ̀fọ́ kò sì ní tètè rí ọ̀nà gbà.

Erùpẹ̀ ni owó máa ń bá lọ jù. Ebè kan yóò gba bíi bárò 12 sí 14. Kí wọ́n bi onítípà ní ibi tí ó ti wa erùpẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n má sì tijú láti bi í. Èyí tí wọ́n gbẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ títì kò dára, èyí tí ó ti ibi àwọn mẹkáníìkì wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyanrìn tí wọ́n wà láti inú ọ̀sà kò sì ní oúnjẹ kankan nínú fún ewéko. Ilẹ̀ oko láti apá Ìfọ̀ tàbí Ọ̀tà ni ó yẹ. Bí ẹgbẹ́ kan tàbí àdúgbò kan bá fẹ́ ra típà mélòó kan pọ̀, kí wọ́n bu díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì ètò ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1988, kí wọ́n béèrè bí wọ́n ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò fún òjé. Owó rẹ̀, bí ènìyàn ogún bá dá a, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Lẹ́yìn erùpẹ̀ ni ajílẹ̀: bárò méjì erùpẹ̀ sí bárò kan ajílẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ wà ní àrọ́wọ́tó, ìgbẹ́ màlúù sì wà ní Oko-Ọba, ṣùgbọ́n tútù kọ́ ni wọ́n ń lò ó. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù gbóná bí iná, yóò jó gbòǹgbò ẹ̀fọ́, kòkòrò àìsàn tí ó sì wà nínú rẹ̀ lè bá ewé dé orí àwo. Kí wọ́n kó o jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ àti èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́ àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí wọ́n bò ó, kí wọ́n máa yí i padà lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí wọ́n sì fi oṣù méjì sílẹ̀ fún un títí yóò fi dúdú tí kò ní rùn mọ́. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Ibn al-Awwam ará Seville, nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ ìṣàkóso àwọn Mùsùlùmí, kọ ìwé ńlá kan lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ni ó sì fi ṣáájú. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìtàn Andalúsíà nítorí ogun àti ààfin rẹ̀ nìkan ti fo ojú ewé tí ó wúlò jù.

Ó wá ku ìṣirò, níbi tí ọ̀pọ̀ ọgbà ẹ̀yìnkùlé máa ń kú sí. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kí ènìyàn jẹ èso àti ewébẹ̀ tí kò dín ní gíráàmù 400 lójúmọ́. Fún ìdílé ẹni mẹ́fà, ìyẹn jẹ́ kílò méjì àti ààbọ̀, ó dín díẹ̀, lójoojúmọ́. Kò sí àgbàlá kékeré tí ó lè pèsè gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó bá sì sọ pé ó lè ṣe é ń tan ènìyàn jẹ. Ata, tòmátì, àlùbọ́sà, ọsàn àti ìbẹ́pẹ ṣì máa ti ọjà wá. Ohun tí ebè lè ṣe ni kí ewé inú ọbẹ̀ má ti ọjà wá mọ́. Bí wọ́n bá ka gíráàmù 100 ẹ̀fọ́ tútù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ẹni mẹ́fà yóò jẹ gíráàmù 600 lójúmọ́, èyí tí í ṣe kílò mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ́sẹ̀.

Tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n fọ́n, tí wọ́n sì fà tu lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, lè fún àgbẹ̀ tí ó mọṣẹ́ ní kílò méjì sí mẹ́ta lórí mítà kan níbùú lóròó. Kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ṣírò tirẹ̀ sí kílò kan àti ààbọ̀. Ebè mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, jẹ́ ogójì ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn. Kí wọ́n pín ogójì náà sí ọ̀nà márùn-ún, ìpín kọ̀ọ̀kan yóò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ìyẹn bíi mítà mẹ́ta níbùú lóròó. Kí wọ́n gbin ìpín kan lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, òmíràn lọ́sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkarùn-ún. Nígbà tí ìkarùn-ún bá ń hù, èkíní yóò ti tó jẹ. Kílò mẹ́rin àti ààbọ̀ ni yóò máa ti ibẹ̀ jáde lọ́sẹ̀, bí nǹkan bá lọ bó ti yẹ. Bí wọ́n bá to ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì wà láàárín wọn, ibi tí gbogbo rẹ̀ yóò gbà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 22 ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Kò ju ibi tí ènìyàn lè gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì sí lọ.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé inú ènìyàn a máa dùn, a sì fọ́n gbogbo irúgbìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ẹ̀fọ́ yóò kún ilé, wọn yóò máa fún aládùúgbò títí apá wọn yóò fi sú. Lọ́sẹ̀ kẹjọ, ebè yóò dá páropáro, wọn yóò sì padà sí ọjà. Ohun tí ó ń pa ọgbà náà kì í ṣe àìsí ilẹ̀. Àìsí ẹni tí yóò rántí láti gbin ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Nítorí náà, kí ìdílé mú ọjọ́ kan, bóyá àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí àwọn ọmọ tó lọ sí ilé kéwú, kí ó sì jẹ́ iṣẹ́ ọmọ kan tí wọ́n yàn sídìí rẹ̀.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀. Ṣíbí ìrotíì kan tó fún ìpín kan. Kí wọ́n po ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ó má baà wọ́ jọ sójú kan, kí wọ́n fọ́n ọn, kí wọ́n fi erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bò ó, kí wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí yóò fi yọ. Ewédú ní àrà tirẹ̀: èèpo irúgbìn rẹ̀ le, bí wọ́n bá sì gbìn ín bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù. Àwọn ìyá àgbà mọ̀ ọ́n tipẹ́. Wọ́n a di irúgbìn náà sínú aṣọ, wọ́n a tì í bọ inú omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá, wọ́n a yọ ọ́, wọ́n a sá a kí ó gbẹ, kí wọ́n tó lọ gbìn ín. Ṣọkọ yòkòtò kò yẹ ní fífà tu. Kí wọ́n gé e lókè nígbà tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, yóò tún yọ ẹ̀ka, wọn yóò sì máa gé e lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Kí ugu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí yóò ti rí ohun gùn, kí ó má sì sí nínú ebè, nítorí yóò nà bo gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ ewúro méjì ní igun àgbàlá tó fún ilé kan láti ọdún dé ọdún. Ní ti gbúre, kò sí ìdí láti kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gbìn ín; bí ènìyàn bá lé e, yóò padà wá.

Kí wọ́n má ṣe gbin ṣọkọ tàbí ewédú sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì léra. Aràn wẹ́wẹ́ kan tí ojú kò lè rí wà nínú ilẹ̀, tí ó máa ń mú kí gbòǹgbò wọn wú kókó-kókó. Ewé yóò pọ́n, igi rẹ̀ yóò sì ràn. Kí tẹ̀tẹ̀ tẹ̀lé wọn, nítorí aràn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí tẹ̀tẹ̀ gbé ṣe.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìdánwò. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò máa gba omi bíi lítà 75 lójúmọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́ta. Ilé tí ó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n omi kan wà tí ń ṣàn lọ sí gọ́tà nílé Mùsùlùmí nígbà márùn-ún lójúmọ́. Bí ẹni mẹ́rin nínú ẹni mẹ́fà bá ń kírun, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń lo lítà méjì fún àlùwàlá, lítà 40 nìyẹn. Kò sí ọṣẹ nínú rẹ̀, ó sì ju ìdajì ohun tí ebè nílò lọ. Ọ̀pọ́n ńlá kan àti àpótí tí wọn yóò jókòó lé tó láti gbà á. (Ànábì, kí ìkẹ́ máa bá a, a máa fi mùdù omi kan ṣe àlùwàlá, èyí tí kò tó lítà kan. Ẹni tí ń ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ gbàà títí yóò fi fọ ẹsẹ̀ tán kì í ṣe nítorí sunna.) Kí wọ́n bu omi náà sínú ike tí wọ́n dá ihò wẹ́wẹ́ lu nídìí, kí wọ́n wọ́n ọn sí ìdí ẹ̀fọ́ láàárọ̀, kí wọ́n sì fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ láàárín ẹ̀fọ́ kí oòrùn má baà fa gbogbo rẹ̀ lọ. Omi tí wọ́n fi fọ aṣọ kò sí lára èyí tí wọ́n lè lò.

Ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n fi ojú sí èyí jù ni oṣù Ràmàdáánì. Ní ọdún 2024 àti 2025, oṣù kẹta ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ bọ́ sí, ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti gbẹ oko, tí ẹ̀fọ́ sì wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀fọ́ ilé rẹ̀ ṣínu kò gbọdọ̀ dúró kí oṣù lé kí ó tó ronú irúgbìn. Òpin oṣù Rajab ni ìpín àkọ́kọ́ yẹ kí ó ti wọlẹ̀.

Ní ti àwọn tí ń jẹ ẹ̀fọ́ kí onílé tó jẹ ẹ́, wọ́n pọ̀. Tata àti kòkòrò ajewé ni wọ́n máa ń rí jù. Ọwọ́ ni oògùn àkọ́kọ́, láàárọ̀ kùtùkùtù kí ara wọn tó yá. Ewé dóńgóyárò tí wọ́n gún, tí wọ́n rẹ sínú omi di ọjọ́ kejì, tí wọ́n sì sẹ́, a máa lé púpọ̀ nínú wọn. Eérú igi tí wọ́n kù sórí ewé náà ń ṣe díẹ̀. Oògùn dichlorvos tí wọ́n ń fi pa aáyán àti ẹ̀fọn kì í ṣe fún ẹ̀fọ́ rárá. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fi òfin de títà rẹ̀ nínú ìgò kékeré, nítorí àwọn tí ó ń pa. Ẹni tí ó bá fọ́n ọn sórí ẹ̀fọ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò jẹ lọ́la ti sọ gbogbo wàhálà tí ó ṣe lórí erùpẹ̀ tí ó mọ́ di asán. Nínú òjò ńlá, tẹ̀tẹ̀ tí ó fún pọ̀ a máa rà láti orí wá. Kò sí oògùn rẹ̀ ju kí wọ́n fọ́n irúgbìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ, kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn.

Ewúrẹ́ ni olórí wọn. Ebè tí ó ga ní ínṣì mẹ́sàn-án kì í ṣe nǹkan kan lójú ewúrẹ́. Òótọ́ ni pé hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá jẹ́ kó yé ni pé ohun tí ẹyẹ, ènìyàn tàbí ẹran bá jẹ nínú ohun tí Mùsùlùmí gbìn, sàárà ni fún un. Kò sí níbẹ̀ pé kí ó má ṣe ọgbà yí i ká. Àwọ̀n tàbí ọparun tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń béèrè nípa sàká, nínú mazhab Màlíkì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ yìí ń tẹ̀lé, kò sí sàká lórí ewébẹ̀. Ìdì ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí opó tí ó wà ní yàrá kejì ń lọ lábẹ́ sàárà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ni kò ní àgbàlá rárá; yàrá kan nínú ilé elérò púpọ̀ ni wọ́n ń gbé. Àpò ìrẹsì tí wọ́n fi erùpẹ̀ àti ajílẹ̀ kan náà kún dé ìdajì yóò gba ẹsẹ̀ ṣọkọ mẹ́fà, ó sì lè wà lórí òrùlé oníkọnkéré tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí oòrùn ti ń kàn án fún wákàtí mẹ́fà. Àpò mẹ́wàá kò ní bọ́ ẹni mẹ́fà, ṣùgbọ́n yóò se ìkòkò ọbẹ̀ kan lọ́sẹ̀. Àgbàlá mọ́sálásí tí ó tóbi tún lè gba ebè, omi àlùwàlá sì pọ̀ níbẹ̀ ju ti ilé lọ; kí àwọn ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ fi ẹnu kò lórí ẹni tí yóò kórè rẹ̀, kí ẹ̀fọ́ má baà di ìjà.

Ó ku ọ̀rọ̀ irúgbìn. Nígbà tí àrọ̀kúrò bá ń parí lọ ní oṣù kẹwàá, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀tẹ̀ mẹ́wàá tí ó dára jù sílẹ̀ ní ìpín kan, kí wọ́n má fà wọ́n tu, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n yọ òdòdó kí wọ́n sì gbẹ. Nígbà tí orí wọn bá gbẹ, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n sórí aṣọ funfun, kí wọ́n fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, kí wọ́n sá irúgbìn náà fún ọjọ́ méjì ní abẹ́ òjìji, kí wọ́n sì dà á sínú ìgò gbígbẹ tí ó ní ìdérí pẹ̀lú ẹ̀kún ṣíbí kan eérú. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá yóò fún ìdílé ní ọ̀pọ̀ irúgbìn tí wọn yóò gbìn ní ọdún tí ó ń bọ̀.